Ìyá Olómọ Igba àti Odídẹrẹ́ Ìwó: Àgbéyẹ̀wò Ìfarabalẹ̀wo Ohun Àyíká Nínú Lítíréṣọ̀ Alohùn Yorùbá

Ìfáárà

Ohun tí ó bí iṣẹ́ yìí ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ogbó, ìlú tí ó jẹ́ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ayédiré ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí kò sì jìnnà sí Ìwó. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan tí a rán lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni ń kọ́ àwọn ọmọ ní àlọ́ àpamọ̀. Òǹkọ̀wé yìí jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé máàkì lọ́wọ́. Olùkọ́ náà pa àlọ́ tí gbogbo wa mọ̀ nípa ìyá kan tí ó bí igba ọmọ, tí gbogbo àwọn ọmọ náà sì lé tìróò. Ọmọdékùnrin kan nawọ́, ó dìde, ó ní ìbẹ́pẹ ni. Olùkọ́ ní kò gbà á, ẹ̀wà ni. Ó kọ 'ẹ̀wà' sí ojú pátákó, àwọn ọmọ sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ọmọ náà kò tètè jókòó. Ó ní, 'Àǹtí, ẹ̀wà kì í bí igba.' Gbogbo kíláàsì fi í rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. Òǹkọ̀wé yìí náà rẹ́rìn-ín. A fún olùkọ́ náà ní máàkì tí ó dára lórí ìmọ̀ kókó ẹ̀kọ́, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó tún èrò akẹ́kọ̀ọ́ ṣe bí ó ti yẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni a la ìbẹ́pẹ kan nílé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka kóró inú rẹ̀. A kà á títí ó fi kọjá igba, ó sì tún kù. Gbogbo wọn ni ó dúdú. Ọmọ tí a fi rẹ́rìn-ín ti rí inú ìbẹ́pẹ rí. Àwa tí a rẹ́rìn-ín náà ti rí i, ó ti lé ní ogójì ọdún tí a ti ń rí i. Ṣùgbọ́n ọmọ náà wò ó.

Pépà yìí dá lé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kí a rí nǹkan àti kí a wò ó, àti ohun tí ìyàtọ̀ náà ń ṣe sí kíkọ́ lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Èrò wa ni pé púpọ̀ nínú àlọ́ àpamọ̀, òwe àti oríkì wa jẹ́ àbájáde ìfarabalẹ̀wo tí àwọn tí ó ni wọ́n ṣe sí ohun tí ó wà lẹ́yìnkùlé wọn. Èrò wa kejì ni pé àwa lámèyítọ́, tí a máa ń dárúkọ ọnà èdè tí a sì máa ń kọjá lọ, ti sọ àwọn iṣẹ́ náà di ohun àkọ́sórí lásán.

Ojú tí a fi wo iṣẹ́ yìí

Ó ti di àṣà nínú irú iṣẹ́ báyìí kí a wá tíọ́rì kan láti òkè òkun, kí a sì gbé e ka orí iṣẹ́ Yorùbá bí ẹni gbé fìlà bàbá ka ọmọ lórí. A kò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó tọ́ kí a mẹ́nu ba Viktor Shklovsky, lámèyítọ́ ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí ó sọ ní 1917 pé bí nǹkan bá ti mọ́ wa lára tán, a kì í rí i mọ́, àti pé iṣẹ́ tí ọnà ń ṣe ni láti sọ nǹkan náà di àjèjì padà kí a lè tún un rí. Àlọ́ àpamọ̀ àwọn ènìyàn tirẹ̀ wà lára àpẹẹrẹ tí ó lò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá àlọ́ wa mu dáadáa. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe òjò ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó kan ilẹ̀ tí ó sì kan ọ̀run ti dúró níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ jù sílẹ̀, ó ti rí òjò tí ń bọ̀ lókèèrè kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú òjò kò lè rí ọ̀pá. Omi ni yóò rí.

Ṣùgbọ́n a ní láti fi nǹkan kan kún ti Shklovsky. Kí a tó lè sọ nǹkan di àjèjì fún ènìyàn, ó ní láti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí kò wo ẹ̀wà rí kò ní ohun tí àlọ́ lè sọ di àjèjì fún un. Ìdáhùn nìkan ni yóò ní, ìdáhùn tí kò bá sì ti inú ojú wá, orí pátákó ni ó ti wá.

Kì í ṣe pé àwọn àgbà nínú iṣẹ́ wa kò ṣe ipa tiwọn. Adébóyè Babalọ́lá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tí ó jáde ní 1966, kó oríkì ẹranko àti ti ohun ọ̀gbìn jọ, ẹni tí ó bá sì kà wọ́n yóò mọ̀ pé ọdẹ tí ó ń sun ìjálá mọ ẹsẹ̀ àti ìrù ohun tí ó ń kì. Ọlátúndé Ọlátúnjí, ní 1984, fi abùdá ewì alohùn Yorùbá hàn lọ́nà tí gbogbo wa ṣì ń jẹ lára rẹ̀ títí di òní; òun ni ó jẹ́ kí àlọ́ àpamọ̀ àti òwe rí ààyè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkì àti ọfọ̀ gẹ́gẹ́ bí ewì. Iṣẹ́ abùdá ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ṣe é tán. Àwa tí a wá lẹ́yìn ni a rò pé bí a bá ti dárúkọ abùdá, iṣẹ́ ti parí.

Bákan náà, bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí ohun àyíká nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá, Fágúnwà ni yóò sáré lọ bá, igbó irúnmọlẹ̀ ti 1938 ni yóò sì wọ̀. A kò kọ Fágúnwà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ẹni tí ó ń gbé láàárín ọ̀pẹ àti alángbá ní láti lọ sí igbó tí kò sí ẹni tí ó dé ibẹ̀ rí kí ó tó rí ohun ìyanu.

Àwọn mìíràn ti ṣe ohun tí a ń wí yìí ní ìlú tiwọn. Gilbert White, àlùfáà kan ní abúlé Selborne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan tí ó jáde ní 1789 lórí ohun tí ó wà ní abúlé náà nìkan. Òun ni ó fi etí ya àwọn ẹyẹ kékeré mẹ́ta sọ́tọ̀ tí ìrísí wọn jọ ara wọn. Ohùn wọn ni ó fi mọ̀ wọ́n. Kò lọ jìnnà.

Ìyá olómọ igba

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àlọ́ tí ó dá ìjà sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: ìyá, iye ọmọ, àti tìróò. Nínú irú ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lò, àlọ́ wà lọ́wọ́ òsì, ìdáhùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kò sì sí nǹkan kan láàárín. Bí a bá bi wọ́n ní ọnà èdè, wọn yóò ní ìfohunpènìyàn ni nítorí pé a pe hóró ẹ̀wà ní ọmọ, wọn yóò sì ní àsọrégèé ni igba. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa kọ́ wọn.

Ta ni ìyá? Bí ó bá jẹ́ èèpo ẹ̀wà kan ni ìyá, ọmọ Ilé-Ogbó jàre wa, nítorí pé hóró tí ó wà nínú èèpo ẹ̀wà kan kì í sábà ju nǹkan bí ogún lọ, òmíràn kò sì tó mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ odindi ẹ̀wà tí ó hù láti inú hóró kan ṣoṣo ni ìyá, pẹ̀lú gbogbo èèpo tí ó so, igba kì í ṣe àsọrégèé mọ́. Ó súnmọ́ iye tí àgbẹ̀ lè kà lóko. Nítorí náà, ẹni tí ó pe igba ní àsọrégèé kò tíì béèrè ẹni tí ó bímọ.

Ẹ wá wo tìróò. Ẹni tí ó lé tìróò kì í fi kun gbogbo ara, etí ojú nìkan ni ó ń lé e sí. Kóró ìbẹ́pẹ dúdú láti òkè dé ilẹ̀. A lè sọ pé ó wọ aṣọ dúdú, a kò lè sọ pé ó lé tìróò. Ẹ̀wà ni ara rẹ̀ funfun tí dúdú sì yí ojú rẹ̀ ká. Ẹni tí ó bá mú hóró kan sórí àtẹ́lẹwọ́ yóò rí i pé àárín dúdú náà tún funfun, bí ẹyinjú. Ibi funfun yìí ni hóró ti so mọ́ èèpo nígbà tí ó ń dàgbà. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ni gbòǹgbò yóò ti yọ bí a bá gbìn ín. Ìdodo ni ó jẹ́ ní ti iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ṣùgbọ́n ojú ni ó jọ, ojú ni àlọ́ sì pè é. Nígbà tí a rí èyí ni ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ tí ó wà nínú àlọ́ náà tó yé wa dáadáa. Àpá ibi tí ọmọ ti so mọ́ ìyá ni ó lé tìróò sí.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀wà ni ó ní ojú dúdú. Òmíràn wà tí ojú rẹ̀ pọ́n, òmíràn wà tí gbogbo ara rẹ̀ pọ́n, òmíràn sì wà tí a kò lè fi bẹ́ẹ̀ rí ojú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, ní ju irú ẹ̀wà 15,000 lọ ní ìpamọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀dá àlọ́ yìí ti yan irú kan pàtó láàárín ohun tí ó wà lọ́jà rẹ̀.

Ìdájọ́ wa ni pé ìwé jàre lórí tìróò, ọmọ náà sì jàre lórí igba. Olùkọ́ kò jàre níbì kankan, nítorí pé kò mọ ìdí tí ẹ̀wà fi jẹ́ ìdáhùn. Alábòójútó tí ó fún un ní máàkì kò sàn jù ú lọ. Ní ojú agbo àlọ́ ní alẹ́, ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kí a ní kí ọmọ náà gbèjà ìbẹ́pẹ rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì gbèjà ẹ̀wà, títí tí ẹnìkan yóò fi dárúkọ etí ojú. Àríyànjiyàn yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Ohun tí a pè ní títún èrò akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ni ó pa á.

Odídẹrẹ́ tí kò sí lókè mọ́

Kò sí ẹni tí yóò ki ará Ìwó tí kò ní í dárúkọ odídẹrẹ́ àti odò Ọbà. Ọmọ agbègbè náà, títí kan ti Ilé-Ogbó, ti gbọ́ orúkọ ẹyẹ yìí kí ó tó mọ ìwé kà. A bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí a ń kọ́ ní ìbéèrè yìí: ta ni ó ti rí odídẹrẹ́ tí ń fò lókè rí? Kò sí ẹni tí ó nawọ́. Àwọn díẹ̀ ti rí i nínú àgò.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìwúre kan yẹ̀ wò, èyí tí ó sọ pé odídẹrẹ́ kì í kú sí ibi tí ó ti lọ wá oúnjẹ. A máa ń fi ṣe àdúrà fún arìnrìn-àjò. Bí a bá ń túpalẹ̀ rẹ̀, a máa ń sọ pé àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, pé arìnrìn-àjò ni odídẹrẹ́, pé ilé ni ó ń padà sí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ odídẹrẹ́, tí kì í ṣe àdàbà tàbí àwòdì? Ìdáhùn wà nínú ìṣe ẹyẹ náà. Odídẹrẹ́ kì í sùn níbi tí ó ti ń jẹun. Ní òwúrọ̀, agbo wọn a fò jáde láti orí àwọn igi gíga tí wọ́n jọ sùn sí, wọn a gba ọ̀nà jíjìn lọ síbi tí ẹyìn ti pọ́n, nítorí pé ẹyìn jẹ́ oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn púpọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn a tún jọ padà sí orí igi kan náà pẹ̀lú ariwo àti ìfé. Ẹni tí ó jókòó sí iwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹyẹ yìí ṣì wọ́pọ̀ yóò ti rí i lójoojúmọ́ pé àwọn tí ó lọ ń bọ̀. Ohun tí ojú rí lálaalẹ́ ni a fi súre.

Àwọn ohun mìíràn wà lára rẹ̀ tí àwọn tí ó fún un lórúkọ kò gbójú fò. Ara rẹ̀ rí bí eérú, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ pupa. Ìyẹ́ pupa yìí ni ìkóóde, tí iyì rẹ̀ ga ní ààfin àti nínú ìsìn ìbílẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì kọjú síwájú, méjì kọjú sẹ́yìn, nítorí náà ó lè fi ẹsẹ̀ kan di ẹyìn mú bí ènìyàn ti ń fi ọwọ́ di iṣu. A sì pè é ní Ayékòótọ́ nítorí pé ó ń tún ohun tí ó gbọ́ sọ láì bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Ní Amẹ́ríkà, Irene Pepperberg kọ́ odídẹrẹ́ kan tí ń jẹ́ Alex láti 1977 títí tí ẹyẹ náà fi kú ní 2007. Ó kọ́ ọ ní orúkọ àwọ̀, ó sì kọ́ ọ ní òǹkà. Ó yani lẹ́nu fún ayé. Kò yẹ kí ó ya ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ Ayékòótọ́ lẹ́nu púpọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun ni pé ìwúre náà ti yí padà mọ́ wa lọ́wọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Àwọn tí ń mú odídẹrẹ́ tà máa ń dẹ àtè àti àwọ̀n síbi tí agbo rẹ̀ ti ń jẹun tàbí síbi tí ó ti ń sùn, a sì ti gé ọ̀pọ̀ igi gíga tí ó ń pamọ sínú ihò wọn. Ní 2016, àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ìparun. Ní ọdún kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES fẹnu kò ní Johannesburg láti fòfin de títà èyí tí a mú nínú igbó sí òkè òkun, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017. Nítorí náà, ó ti ń kú síbi tí ó ti lọ wá oúnjẹ. Ẹni tí ó ń súre náà fún ọmọ rẹ̀ tí ó ń lọ sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù kò mọ̀ pé ohun tí òun fi ṣe ẹ̀rí kò dúró mọ́. Bí lámèyítọ́ bá dúró sórí 'àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́', òun náà kò ní í mọ̀. Àfiwé kì í kú nígbà tí ẹyẹ bá kú. Ó máa ń dúró bí ilé tí a ti kó ẹrù inú rẹ̀ lọ.

Alángbá, ekòló àti patanmọ́

Kí ó má baà dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ wa ti di arò, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣì wà. Gbogbo wa mọ òwe alángbá tí ó já láti orí ìrókò, tí ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá yin òun, òun yóò yin ara òun. Orí mímì ni ó bí òwe yìí. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wo ẹni tí ó ń mi orí lára ògiri. Akọ ni ó sábà máa ń jẹ́, èyí tí orí rẹ̀ pọ́n tí ara rẹ̀ sì rí bí aró. Ó ń mi orí láti sọ fún akọ mìíràn pé ààyè yìí ní olówó, àti láti pe abo. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọ̀ ara rẹ̀ a ṣá, a di bí erùpẹ̀. Bí oòrùn bá yọ, a tún tàn padà. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò ka òwe náà lọ́nà mìíràn. Alángbá tí ó já bọ́ ti bọ́ sí ilẹ̀ tí kò mọ ẹni tí ó ni ín, ohun tí ó sì kọ́kọ́ ṣe ni láti kéde ara rẹ̀. Ìyìn ara ẹni wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù náà sì lè wà níbẹ̀.

Àwọn akéwì a máa fi ekòló tí ń júbà ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìbà wọn: ó júbà, ilẹ̀ sì la ẹnu fún un. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ní Ilé-Ogbó, ẹni tí ó bá tẹ̀ ba lẹ́yìnkùlé yóò rí ìgbẹ́ ekòló tí ó dúró ṣóńṣó bí ilé ìṣọ́ kékeré. Ekòló ń gbé ilẹ̀ mì ni, ó ń fi jẹun, ó sì ń tu ìyókù sókè. Akéwì ní ilẹ̀ ni ó la ẹnu. Ojú ní ekòló náà la ẹnu. A rò pé akéwì mọ èyí. Nínú ìtúpalẹ̀ tí a ti kà, a kò tíì rí ẹni tí ó sọ ọ́ pé ìbà àti oúnjẹ jẹ́ ìṣe kan ṣoṣo nínú ẹ̀dá yìí, tí ó sì jẹ́ pé akéwì tí ń júbà náà ń wá ohun tí yóò jẹ ni.

Yorùbá tún máa ń sọ pé èdè ni ẹ̀gà ń fọ̀, àwọn tí kò gbọ́ ọ ni ó ń pè é ní ariwo. Ẹni tí ó bá dúró lábẹ́ ọ̀pẹ tí ẹ̀gà kọ́ ilé sí yóò rí i pé akọ ni ó ń hun ilé, pé ó ń fi ara kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé náà tí ó ń gbọn ìyẹ́ bí abo bá súnmọ́, àti pé bí ilé bá gbó láìsí abo tí ó gbà á, akọ náà a tú u, a sì tún òmíràn hun. Èdè ni lóòótọ́.

Patanmọ́ ni a fẹ́ràn jù. Gbogbo ọmọdé ti fọwọ́ kan ewé rẹ̀ rí kí ó lè rí i bí yóò ti pa dé. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ibi wíwú kékeré kan wà ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fọwọ́ kàn án, omi a sá kúrò lápá kan ibẹ̀, ewé a sì rọ̀. Orúkọ tí a fún un, èyí tí ó ń pàṣẹ fún un pé kí ó pa itan rẹ̀ mọ́, jẹ́ ewì tí ó pé nínú ọ̀rọ̀ kan. Ó sì wá jẹ́ pé kì í ṣe ewé ilẹ̀ yìí. Amẹ́ríkà, lápá ibi tí ooru ti mú, ni ó ti wá. Ẹni tí ó fún un lórúkọ Yorùbá kì í ṣe ará ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó rí àjèjì ewé kan, ó tẹ̀ ba, ó wò ó, ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Èyí ni ó jẹ́ kí a lòdì sí àwọn tí ó ń sọ pé irú ojú yìí ti bá àwọn baba wa lọ.

Ibi tí èrò wa kò dé

Ó tọ́ kí a gbà pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dárúkọ ewé tàbí ẹranko ni ó ti inú ìwòye wá. Pierre Verger, nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ewé tí ó jáde ní 1995, fi hàn pé nínú ọ̀pọ̀ ọfọ̀, ìró orúkọ ewé ni ó bá ìró ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó gbé àṣẹ mu. Níbẹ̀, etí ni ó yan ewé, kì í ṣe ojú. Lámèyítọ́ tí ó bá lọ ń wá ìṣe ewé náà lóko láti fi túmọ̀ irú ọfọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pa dà lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó jẹ́ ti etí àti èyí tí ó jẹ́ ti ojú bí a kò bá mọ ewé náà rárá?

Ẹlòmíràn yóò ní iṣẹ́ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ni a ń ṣe yìí, pé kí a fi ẹ̀wà sílẹ̀ fún wọn kí a gbájú mọ́ èdè. Alábàáṣiṣẹ́ wa kan sọ bẹ́ẹ̀ sí wa lójú. Ìdáhùn tí a fún un ni pé kí ó túmọ̀ tìróò fún wa láì dárúkọ ojú ẹ̀wà. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ rẹ̀.

Kíláàsì lẹ́ẹ̀kan sí i

Láti ìgbà náà, a ti yí ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ àlọ́ àpamọ̀ padà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kí wọ́n tó lọ fún ìdánrawò. A kì í fún wọn ní ìdáhùn. Wọn yóò mú ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́ ìdáhùn wá sí kíláàsì, wọn yóò gbé e ka orí tábìlì, wọn yóò sì gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn yòókù. Nígbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é pẹ̀lú ìyá olómọ igba, ẹ̀wà, ìbẹ́pẹ àti iṣin ni ó dé orí tábìlì. Iṣin kò pẹ́ kí a tó lé e jáde, nítorí pé ọmọ mẹ́ta péré ni ó sábà máa ń bí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dúdú tí wọ́n sì ń dán.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan mú irú ẹ̀wà tí ojú rẹ̀ kò dúdú rárá wá láti ọjà Ilé-Ogbó. Ó gbé e sí àárín tábìlì, ó béèrè pé irú àlọ́ wo ni ó yẹ kí á pa fún èyí. Agogo ti lù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dìde. Àlọ́ mẹ́rin ni wọ́n ti ṣẹ̀dá kí ẹ̀ka tí ó kàn tó wá gba yàrá lọ́wọ́ wa. A kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Ní ti ìwé máàkì ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó ti wọ fáìlì tipẹ́, kò sì ṣeé yí padà mọ́.